Ọbẹ̀ Ewé Tíì Tí Mo Lọ Kọ́ ní Báńkọ́ọ̀kì

Náírà kan ni ìdì ewé tíì kan ní ọjà Àpòmù lọ́dún tí mo kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ òfúrufú. Ìdì tí mò ń wí yìí kì í ṣe ìdì gidi. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tóbi lè fi ọwọ́ kan ká a mọ́lẹ̀. Èmi ni mò ń rà á ní gbogbo ọjọ́ ọjà, torí ibà tó mú màámi kò fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀, àgbo ewé tíì sì ni wọ́n ń mu láàárọ̀ lálẹ́. Nígbà tí wọ́n gbọ́ iye tí mò ń san, wọ́n dìde jókòó lórí ẹní, wọ́n ní, "Koríko? Koríko ni ìwọ ń fi owó rà lọ́wọ́ àwọn olè yẹn?" Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí ìyàwó àbúrò mi lọ tọrọ gbòǹgbò rẹ̀ wá, wọ́n sì dúró tì í, tàwọn ti ibà lára, títí ó fi rì í mọ́ ẹ̀yìn balùwẹ̀ níbi tí omi ìwẹ̀ máa ń ṣàn sí. Kò pé oṣù mẹ́ta tó fi di igbó. Nígbà tó yá, ibà lọ. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń lọ, ó mú ẹnu màámi dání lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹnu tó mú lọ, kí ẹ lè mọ̀ pé òfò ni. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí màámi fi din dòdò Ìkirè. Àpòmù ni ilé wọn, ṣùgbọ́n etí títì ní Ìkirè ni wọ́n ti ń tà á, níbi tí àwọn mọ́tò tó ń ti Ìbàdàn bọ̀ ti máa ń dẹ eré. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá ààlà, tó ti dúdú, tó ti ń sunkún nínú àpò, òun la fi ń ṣe é. A ó gún un pẹ̀lú ata àti iyọ̀, a ó din ín nínú epo pupa títí yóò fi dúdú bí èédú, a ó fi ewé pọ́n ọn. Àwọn èrò Èkó á yọjú lójú fèrèsé mọ́tò, wọ́n á ní ó ti jóná. Wọ́n á tún ra mẹ́wàá.

Màámi kì í wo dòdò kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n á fi bíńtín kan ahọ́n, wọ́n á dijú, wọ́n á ní, "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí ti lo ọjọ́ mẹ́fà. Ẹni tó gún un ń bínú." Èmi ni mo gún un, mo sì ń bínú lóòótọ́, torí ìgbà náà ni wọ́n yọ mí kúrò níléèwé. Kíláàsì mẹ́ta péré ni mo kà. Nígbà tó kan ìkẹrin, wọ́n ní dòdò nílò ẹni tó lè sáré tẹ̀lé mọ́tò.

Ẹnu yẹn ló kú. A gbé ẹ̀kọ gbígbóná dé, wọ́n ní yẹ̀pẹ̀ ni. A se ẹja tútù, wọ́n ní yẹ̀pẹ̀ tó ní egungun ni. Mo lọ sí Orílẹ̀-Òwu lọ ra adìyẹ ìbílẹ̀, irú èyí tó máa ń bá ènìyàn jà kí wọ́n tó mú un, mo fi ata wẹ́wẹ́ sè é títí omi fi jáde lójú gbogbo ilé. Màámi fi síbí kan kan ẹnu, wọ́n gbé síbí sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ bí àlejò. Níkẹyìn, mo din dòdò tiwọn fúnra wọn lójú wọn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é láìdára, mo fi iyọ̀ sí i jù, kí wọ́n lè rí nǹkan bú mi sí.

Wọ́n fi kan ahọ́n. "Ta ló din ín?"

"Èmi ni, màámi."

"O ṣeun. Gbé e fún àwọn ọmọ."

Ẹ gbọ́ mi o. Màámi dúpẹ́ dòdò lọ́wọ́ mi! Láti kékeré mi, èébú ni mo fi ń mọ̀ pé wọ́n jẹun yó. Ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù bà mí dé egungun. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wọn kò tilẹ̀ fi bò mọ́ mi lójú. Ó ní, "Ìyá yín kò ní àìsàn kan tí mo tún lè rí mọ́. Tí wọn kò bá jẹun, ebi ló máa pa wọ́n." Ebi kẹ̀! Ẹni tó bọ́ gbogbo awakọ̀ ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, ebi ló máa pa á. Mo rẹ́rìn-ín níwájú nọ́ọ̀sì náà, ó sì wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé.

Nígbà náà, èmi ti kúrò nídìí dòdò. Aṣọ ọmọdé ni mò ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkirè. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni, àwọn oníṣọ́ọ̀bù sì ti gbọ́ pé aṣọ tí à ń rà l'Ékòó, Báńkọ́ọ̀kì ni wọ́n ti ń kó o wá, kí á kúkú lọ bá a nílé rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ní káńtà àti àga kan ló ń sọ̀rọ̀ Báńkọ́ọ̀kì bí ẹni ń sọ̀rọ̀ Wásinmi tó wà nítòsí wa. Èmi àti aránṣọ kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi la jọ san owó ọkọ̀. Ẹnu màámi kò tíì kú nígbà tí a san án. Nígbà tó kú, mo ní n kò lọ mọ́.

Màámi ní, "Ṣé tí o bá jókòó tì mí ni ẹnu mi máa là? Àbí o fẹ́ máa wo bí mo ṣe ń gbẹ? Gbéra ńlẹ̀, jàre, lọ ra ọjà rẹ."

Mo lọ. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni aránṣọ yìí, ó ka ìwé mẹ́wàá, ó gbọ́ òyìnbó, ẹnu rẹ̀ kò sì dákẹ́. Yàrá kan náà la gbà nílé èrò. Èmi ń kírun ní apá ọ̀tún bẹ́ẹ̀dì, òun ń pariwo àdúrà ní apá òsì, ẹni tó bá gba ẹnu ọ̀nà kọjá á rò pé ìjà là ń jà.

Gààrí ni mo gbé dání láti ilé, torí wọ́n ti sọ fún mi pé ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń jí níbẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́ta, gààrí láàárọ̀, gààrí lọ́sàn-án. Ní ọjọ́ kẹta, bí a ti ń bọ̀ láti ọjà, a rí obìnrin kan tó ń se oúnjẹ ní ìsàlẹ̀ ilé èrò wa gan-an, tó wé ìborùn bí ìyàwó ààfáà. Mo kí i ní àsàláàmù aleekùn. Ó dáhùn geere! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. Mo jókòó kí ẹnikẹ́ni tó ní kí n jókòó.

Ọbẹ̀ ló gbé wá, ọbẹ̀ omi tó ní edé tútù nínú. Mo gbóòórùn rẹ̀ kó tó dé iwájú mi, ni mo bá bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ló dé?" aránṣọ ní.

"Àgbo ibà ni wọ́n gbé fún wa."

"Àgbo wo ló ní edé nínú?"

"Ibà ìlú yìí lówó lọ́wọ́."

Ewé tíì ni o. Ewé tíì ẹ̀yìn balùwẹ̀ màámi, ní Báńkọ́ọ̀kì, nínú abọ́ àlejò. Mo fi síbí kan sẹ́nu kí n lè rí ìtàn sọ nílé. Ó kan, ó ta, ó níyọ̀, adùn kan tún wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń yọjú bí ọmọ tó sá pamọ́. Etí mi gbóná. Òógùn bo imú mi. Ẹnu mi tí gààrí ti sọ di pákó jí, mo ní ó jí! Mo mu abọ́ náà tán, mo gbé e sókè mo mu ìṣẹ́kù ìdí rẹ̀, mo tún tọrọ òmíràn. Ibi tí mo ti ń mu èkejì ni mo ti rántí màámi. Mo ní nínú ara mi, tí nǹkan yìí kò bá lè jí ẹnu wọn, kò sí èyí tó tún lè jí i.

Ìwé kan wà lára ògiri obìnrin náà. Aránṣọ kà á fún mi: ó máa ń kọ́ àwọn òyìnbó arìnrìn-àjò ní oúnjẹ sísè láàárọ̀, kí kálukú fi ọwọ́ ara rẹ̀ sè é, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta owó wọn fún ẹnì kan. Mo ná an ní igba. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó mi orí. Mo dìde bí ẹni tó ń lọ. Kò pè mí padà. Mo padà fúnra mi. A pàdé ní irinwó, ó sì fọwọ́ gbá mi léjìká bí ẹni tó ní òun ti mọ irú èmi tẹ́lẹ̀. Irinwó wọn yẹn, tí a bá sọ ọ́ di tiwa nígbà náà, ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún náírà.

Aránṣọ ya ẹnu. "Ọ̀ọ́dúnrún náírà! Kí wọ́n lè kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń se àgbo! Dọ́sìnnì páńtì ọmọdé mélòó nìyẹn?"

"Ẹnu màámi ni mo fẹ́ fi rà."

  Ó ní, "Èmi náà máa wá. Mi ò ní sanwó o. Mo kàn máa túmọ̀ fún ẹ."

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwa mẹ́rin la jókòó sábẹ́ páànù lẹ́yìn ilé náà: èmi, aránṣọ, àti òyìnbó méjì, ọkọ àti ìyàwó, tí wọ́n mú ìwé àti gègé dání bí ẹni tó fẹ́ ṣèdánwò. Obìnrin náà pín ọ̀bẹ, ó pín odó kékeré kọ̀ọ̀kan, ó sì gbé ewé tíì síwájú kálukú wa, tòun ti ìdí rẹ̀. Ó mú tirẹ̀, ó gé gbogbo ewé rẹ̀ sọ nù, ó fi ẹsẹ̀ gbá a sí apá kan. Ìdí rẹ̀ funfun tó kù ló fọ́, ló gé wẹ́wẹ́.

Mo figbe ta. Ewé tí mò ń fi náírà kan rà ni obìnrin yìí ń fi ẹsẹ̀ gbá, ìdí tí àwa ń sọ sí ààtàn ló ń sè! Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń ṣa ewé jọ. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, ọwọ́ mi kàn kọ̀ láti fi í sílẹ̀ ni. Òyìnbó ọkùnrin náà kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Mo bi aránṣọ pé kí ló kọ.

"Bóyá ó kọ ọ́ pé ahun ni ẹ́."

Ohun tí wọ́n tún kó síwájú wa, ọ̀kan wà tó jọ atalẹ̀ tí kì í ṣe atalẹ̀, ewé ọsàn kan wà tó dà bí ewé méjì tí wọ́n rán pọ̀, omi ẹja kan sì wà nínú ìgò tí òórùn rẹ̀ lè lé onígbèsè kúrò nílé. Ata wọn kéré bí ìka ọmọ ọwọ́, ṣùgbọ́n kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Obìnrin náà ní kí á gún un. Ó jókòó sílẹ̀ rọra, ó fi odó sáàárín ẹsẹ̀, ó ń gún un kẹ́kẹ́kẹ́. Ta ni mo jẹ́ tí wọ́n máa kọ́ mi ní odó gígún? Mo dìde dúró, mo so ìró mọ́ àyà, mo la ẹsẹ̀, mo sì sọ ọmọ odó kalẹ̀ bí ẹni ń gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́fà. Ata fò. Ojú òyìnbó obìnrin náà ló bà lé. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀, èmi ni mo kúnlẹ̀ tí mò ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú, aránṣọ ń bẹ ọkọ rẹ̀ ní òyìnbó, olùkọ́ wa sì di ikùn rẹ́rìn-ín títí ìborùn rẹ̀ fi tú.

Ọ̀ràn ọsàn wẹ́wẹ́ ló fẹ́ bà á jẹ́. Nígbà tí ọbẹ̀ mi hó, mo fún ọsàn sínú ìkòkò lórí iná, mo dé e pa kí ó lè hó dáadáa. Nílé wa, ohun tí kò bá hó pẹ̀lú ọbẹ̀, tútù ni, ó sì lè da inú rú. Kí n tó gbọ́wọ́ kúrò, ìgbakọ ti bà mí lẹ́yìn ọwọ́, kọ̀ọ́! "Nó! Nó!" Olùkọ́ gbé gbogbo ìkòkò mi, ó dà á nù sínú gọ́tà, tedé tedé. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Aránṣọ ní, "Ó ní tí ọsàn bá hó, á korò. Ó ní kí o sọ ọ́ kalẹ̀ kúrò lórí iná kí o tó fún un."

Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n pín ìwé tí wọ́n kọ ìwọ̀n gbogbo nǹkan sí. Mo wo tèmi, ó wò mí, a kò mọ ara wa. Mo kó o fún aránṣọ, mo sì fi ọwọ́ wọn ohun gbogbo: ìdí ewé tíì, gígùn ìka àárín mi mẹ́ta, omi ẹja, ẹ̀kún ìdérí ìgò mẹ́ta, ọsàn, títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi yóò fi sún kì. Nígbà tí olùkọ́ tọ́ tèmi wò, ó lá síbí náà mọ́. Ó tún tọ́ ọ wò. Ó wá béèrè nípasẹ̀ aránṣọ pé ta ni mo fẹ́ sè é fún, torí òun kò rí oníṣòwò tó ń sanwó kọ́ oúnjẹ rí, àwọn tó ń fi ìsinmi rìn kiri ló ń kọ́ ọ. Mo ní ìyá mi ni, pé kò jẹun mọ́. Aránṣọ túmọ̀ rẹ̀. Obìnrin náà fọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀.

"Kí ló wí?"

Aránṣọ wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Ó ní ìyá tòun náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí o sè é fún wọn. Ó ní tí wọn kò bá jẹ ẹ́, kí ìwọ jẹ ẹ́."

N kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n obìnrin náà di gbòǹgbò tó jọ atalẹ̀ àti ewé ọsàn sínú ọ̀rá fún mi, kò gba kọ́bọ̀, mo sì ti mọ̀ nígbà náà pé ẹni tó bá fún mi lọ́jà lọ́fẹ̀ẹ́, àánú mi ló ń ṣe é.

Ní pápákọ̀ òfúrufú ní Èkó, ọkùnrin tó ń yẹ ẹrù wò tú àpò mi. Ó fa ọ̀rá náà yọ láàárín àwọn páńtì ọmọdé, ó gbóòórùn rẹ̀. "Kí lèyí, màmá?"

Kíá ni mo dáhùn, "Àgbo màámi ni o."

Ó dá a padà. Ó ní Ọlọ́run á wò wọ́n sàn. Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń gbé àpò mi, mo ní mo ti gbọ́n jù ú lọ. Irọ́ ni mo rò pé mo pa.

Àpòmù ni mo kọ́kọ́ lọ, mi ò tilẹ̀ yà sí Ìkirè. Màámi ti fúyẹ́ sí i. Ìyàwó àbúrò mi ní omi tútù àti ṣúgà nìkan ni wọ́n ń gbà, pé lọ́jọ́ mìíràn ṣúgà náà ti pọ̀. Mo kó sílé ìdáná láàárọ̀ ọjọ́ kejì. N kò rí edé tútù, mo lo ẹja àrọ̀. Omi ẹja tí mo ra ìgò kan rẹ̀ ní ọjà Báńkọ́ọ̀kì ti dà sórí àwọn aṣọ tí mo rà, ìṣẹ́kù rẹ̀ ni mo lò. Mo lọ sẹ́yìn balùwẹ̀, mo já ewé tíì tó ìdì kan, mo gé ewé rẹ̀ sọ nù, mo lo ìdí rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo jókòó sílẹ̀ gún ata. Mo sọ ìkòkò kalẹ̀ kí n tó fún ọsàn. Kò sí ohun tí mo gbàgbé. Mo tọ́ ọ wò, Báńkọ́ọ̀kì ni, gẹ́lẹ́. Mo bù ú sínú abọ́ funfun tí màámi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò.

N kò tíì kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná tí mo gbọ́ ohùn wọn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ta ló tún ń se àgbo?"

Ìyàwó àbúrò mi wò mí. Èmi náà wò ó.

"Kì í ṣe àgbo, màámi. Ọbẹ̀ ni. Ọbẹ̀ Báńkọ́ọ̀kì."

"Mo ní ta ló ń se àgbo? Ibà mi ti lọ. Oṣù mélòó ni mo fi mu nǹkan yìí? Òórùn rẹ̀ nìkan ti tó mú mi bì."

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Ẹ wò mí, èmi tí mo ti Báńkọ́ọ̀kì dé, èmi tí mo kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ tí mo pè é ní àgbo ibà, èmi tí mo tún fi ẹnu ara mi sọ bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin pápákọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ ọ́, etí mi kò gbọ́. Mo ti rò ó pé ẹnu tèmi ni ẹnu wọn. Èmi ń ra ewé náà ni, àwọn ló ń mu ún.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, síbí kan péré. Mo bẹ̀ yín. Ìdí rẹ̀ ni mo lò, n kò lo ewé."

Wọ́n la ẹnu nítorí mi, bí ọmọ kékeré. Mo fi síbí kan. Wọ́n pa ẹnu dé, wọ́n dijú gẹ́gẹ́ bí ìgbà ayé dòdò. Wọ́n gbé e mì. Wọ́n ní, "O fi iyọ̀ sí àgbo." Wọ́n wá la ojú kan. "O tún fi ẹja sí àgbo. Ta ló kọ́ ẹ?"

"Obìnrin kan ni, ní ọ̀hún."

"Ó gba owó?"

Màámi oníṣòwò! N kò lè sọ ọ̀ọ́dúnrún náírà fún ẹni tó ń kú lọ. Mo ní, "Ogún náírà."

"Ogún!" Wọ́n fẹ́ dìde jókòó, ara kò gbà. "Ogún náírà! Ogún ìdì ewé tíì! Ìwọ ọmọ yìí, o wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ sanwó fún ẹni tó kọ́ ẹ ní àgbo, tí ìyá rẹ ní àgbo lẹ́yìn balùwẹ̀? Ó wo ojú ẹ, ó rí òmùgọ̀, ó sì gbà á lọ́wọ́ ẹ!"

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà tún di ẹ̀rín, ìyàwó àbúrò mi ń fọwọ́ pa wọ́n lẹ́yìn. Èébú yẹn dùn mọ́ mi nínú ju oúnjẹ lọ. Mo rò pé bóyá ẹnu náà ti ń là. Mo gbé síbí kejì.

Wọ́n fi ọwọ́ tì í sẹ́yìn. "Rárá, ọmọ mi. Gbé e fún ẹni tí ibà ń ṣe." Wọ́n tún ní, "N kò ní kú kí n fi ogún náírà yẹn sílẹ̀ fún obìnrin náà. Kò ní ṣeé ṣe."

Èmi àti ìyàwó àbúrò mi la jẹ ọbẹ̀ náà lẹ́yìn ilé, bí olùkọ́ ṣe wí. Ó ní, "Ó mà dùn o, ẹ̀gbọ́n mi." Mo ní mo mọ̀. Omi ń dà lójú àwa méjèèjì, a sì ń sọ fún ara wa pé ata ni.

Màámi lo ọ̀sẹ̀ méje sí i. N kò tún gbé oúnjẹ kankan lọ síwájú wọn láti fi bẹ̀ wọ́n. Mo ti san gbogbo ohun tí mo ní lórí èyí tó kẹ́yìn. Mo máa ń ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, màá wọ mọ́tò láti Ìkirè lọ jókòó tì wọ́n. Aránṣọ náà tẹ̀ lé mi lẹ́ẹ̀kan, ó gbàdúrà gígùn, màámi sì ní kó rọra, pé Ọlọ́run kò dití. Nígbà mìíràn, nígbà tí a rò pé wọ́n ti sùn, wọ́n á bi mí pẹ̀lú ojú dídì, "Olùkọ́ rẹ ńkọ́? Ó ti ná owó wa tán?" Màá ní ó ti ná an, wọ́n á sì mi orí lórí ìrọ̀rí. Wọ́n kò tún bú mi ní ọ̀nà mìíràn. Ẹ̀yìn ìyẹn, wọ́n kàn ń dúpẹ́ ni, wọ́n ń dúpẹ́ omi, wọ́n ń dúpẹ́ pé a yí wọn padà, títí di àárọ̀ ọjọ́ tí wọn kò dúpẹ́ nǹkan kan mọ́. A sin wọ́n kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀.

Lọ́jọ́ kẹjọ, lẹ́yìn tí àwọn ààfáà ti ṣe àdúà tán tí wọ́n ti jẹ ìrẹsì wọn, mo gba ẹ̀yìn balùwẹ̀ kọjá. Igbó ewé tíì kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti gé e mọ́lẹ̀ pẹ́pẹ́pẹ́, kùkùté rẹ̀ nìkan ló kù tó ń yọ ọ̀mùnú díẹ̀díẹ̀. Mo bínú. Mo pe ìyàwó àbúrò mi, mo ní ta ló ní kó gé nǹkan màámi.

Ó kúnlẹ̀. "Màámi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Láti ọjọ́ tí ẹ se ọbẹ̀ yẹn ni. Wọ́n ní kí n máa gé e, kí n máa dì í, kí n máa kó o lọ tà fún àwọn elewé lọ́jọ́ ọjà. Wọ́n ní tí mo bá sọ fún yín, àwọn máa gé mi mọ́ ọn."

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi owó ewé ṣe? Ẹni tí kò jẹun!"

Ó wọlé, ó mú gèlè màámi kan tó ti ṣá jáde, tí wọ́n ta etí rẹ̀ ní kókó. Ó ní, "Owó ẹ̀kọ́ yín ni. Wọ́n ní kí n gbé e fún yín tí àwọn bá lọ, kí obìnrin Báńkọ́ọ̀kì yẹn má baà rẹ́ yín jẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní ogún ìdì ló yẹ kó jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín ti já ìdì kan fún ọbẹ̀ yín láìsanwó, àwọn sì ti yọ ọ́."

Mo jókòó sórí òkúta ìwẹ̀. Kókó náà le, eyín ni mo fi tú u. Òórùn ewé tíì ṣì wà lára owó náà. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo tún un kà, kò yí padà: náírà mọ́kàndínlógún.